Ohun Tí Aró Kò Mu Ni Ojú Ń Rí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìmọ́lẹ̀ àti Àwọ̀

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ aró, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àti àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí léraléra. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Aṣọ aró ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, torí pé n kò mọ ohun kan nílẹ̀ Yorùbá tó fi iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ hàn kedere tó o.

Kí ni àwọ̀ gan-an?

Àwọ̀ ni ohun tí ojú àti ọpọlọ ń sọ fún wa nípa irú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé sí ojú wa. Kò dá dúró lára aṣọ tàbí lára ewé bí ìwúwo àti gígùn ṣe dá dúró. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí àwọ̀ tó wáyé: ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn, nǹkan tí ìmọ́lẹ̀ náà bà lé, àti ojú tó ń wò ó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, àwọ̀ lè yí padà, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kan méjì yòókù.

Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo àwọ̀ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn?

Òótọ́ ni. Ní ọdún 1672, Isaac Newton kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣàlàyé bí òun ṣe jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba ihò kékeré kan wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, tí òun sì gbé dígí onígun mẹ́ta dí i lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ní funfun bọ́ sára ògiri ní oríṣiríṣi àwọ̀, láti orí pupa dé orí àwọ̀ àlùkò. Nígbà tó mú àwọ̀ kan ṣoṣo nínú wọn gba inú dígí kejì kọjá, àwọ̀ náà kò pín mọ́. Ibẹ̀ ló ti hàn pé dígí kò kun ìmọ́lẹ̀, ńṣe ló tú u ká. Ohun tí ẹ̀kán òjò ń ṣe náà nìyẹn nígbà tí òṣùmàrè bá yọ.

Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi ṣe ń rìn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn ìgbì tirẹ̀. Nánòmítà la fi ń wọ̀n ọ́n, bílíọ̀nù kan nánòmítà ló sì wà nínú mítà kan. Ojú ènìyàn ń rí ìgbì tí gígùn rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 380 sí 700 nánòmítà. Pupa ló gùn jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọ̀ ọsàn, ìyeyè, àwọ̀ ewé àti búlúù. Àwọ̀ àlùkò ló kúrú jù.

Báwo wá ni nǹkan ṣe ń ní àwọ̀ tirẹ̀?

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé nǹkan, nǹkan náà á mu apá kan nínú rẹ̀, á sì dá apá kan padà. Èyí tó dá padà ló ń wọ ojú wa. Tòmátì tó pọ́n mu búlúù àti àwọ̀ ewé, ó dá pupa padà. Ewé mu pupa àti búlúù, ó fi àárín sílẹ̀ fún wa. Aró mu ìyeyè, àwọ̀ ọsàn àti púpọ̀ nínú pupa, ó sì dá búlúù padà.

Àwọn aláró máa ń sọ pé aṣọ mu aró dáadáa, tàbí pé kò mu ún. N kò rí ọ̀rọ̀ tó bá ohun tí à ń sọ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ: aṣọ mu aró, aró sì mu ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ tí a wá ń pè mọ́ aṣọ náà ni apá tí aró kọ̀ láti mu.

Kí ló wà nínú aró tó ń mu ìmọ́lẹ̀?

Nígbà tí wọ́n bá gún ewé èlú, tí wọ́n ṣù ú, tí wọ́n sì sá a gbẹ, èròjà kan á jáde nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní indigotin. Átọ̀mù káríbọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2 àti ọ́síjìn 2 ló para pọ̀ di ẹyọ kan rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn hóró tíntìntín inú átọ̀mù, tó wà láàárín rẹ̀ kò so mọ́ átọ̀mù kan pàtó; wọ́n nà kọjá lórí ọ̀pọ̀ átọ̀mù, bí okùn tí a ta láti òpó kan dé òmíràn.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lè fò láti ipò kan bọ́ sí ipò tó ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n agbára tó máa gbé e fò gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí. Nínú aró, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 600 sí 660 nánòmítà, tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn títí dé pupa, ló ṣe rẹ́gí. Aró á mu ún. Búlúù kò bá ìwọ̀n náà mu, nítorí náà ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò.

Òfin kan tó wúlò wà níbẹ̀: bí ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nà dé bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó nílò láti fò ṣe máa kéré tó, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ń mu á sì gùn sí i. Ìdáhùn sí ìbéèrè lórí ìkòkò aró àti lórí epo pupa, tó wà nísàlẹ̀, dúró lé òfin yìí.

Ṣé aró tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ kò ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ewé èlú?

Èròjà tó ń mu ìmọ́lẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Adolf von Baeyer ará Jámánì ló rí bí àwọn átọ̀mù inú aró ṣe so pọ̀ ní 1883, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ní 1897. Ìyàtọ̀ tí ojú aláró ń rí wá láti ara àwọn èròjà mìíràn tó bá indigotin wà nínú ewé, tó ń mu díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tiwọn. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lè máa sọ òótọ́.

Kí ló dé tí aṣọ fi máa ń jáde láti inú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, kó tó di aró?

Indigotin kì í yọ́ nínú omi. Bí a bá kàn dà á sínú omi lásán, á fò léfòó tàbí kó rogún, aṣọ kò sì ní mu ún. Iṣẹ́ tí omi eérú àti kíkan tó ń kan nínú ìkòkò ń ṣe ni láti lé ọ́síjìn kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ indigotin di ẹ̀yà mìíràn tó lè yọ́. Nínú ẹ̀yà yìí, ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nà dé ti kúrú, nítorí náà ìgbì kúkúrú, àwọ̀ àlùkò àti etí búlúù, ló ń mu. Ohun tó ń dá padà wá jẹ́ ìyeyè tó fẹ́ dà bí ewé.

Ẹ dúró ti aláró nígbà tó bá ń fa aṣọ jáde, kí ẹ má sì mú ojú kúrò. Aṣọ náà á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, búlúù náà á máa tàn bọ̀ wá sáàárín, ibi tí aṣọ ti ká léra ló sì máa kẹ́yìn. Bí aláró bá ká ìka rẹ̀ kúrò níbi tó ti di aṣọ mú, ẹ óò rí àmì ìka mẹ́rin tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí pé ọ́síjìn kò tíì débẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àmì náà á pòórá. Ẹnikẹ́ni kò fi ohunkóhun kún un. Ọ́síjìn ló padà sáyè rẹ̀, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì tún nà.

Nítorí pé aró ti padà di ohun tí kì í yọ́ nínú omi, fífọ̀ kì í tètè mú un lọ. Ojú òwú ló sábà máa ń dúró sí, kì í wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀, nítorí náà ibi tí aṣọ bá ti ń ha ló ti ń funfun. Orúnkún ṣòkòtò jíǹsì ni ẹ fi wò.

Kí ló ń sọ nǹkan di funfun?

Nǹkan funfun ni èyí tí kò mu àwọ̀ kankan ju òmíràn lọ, tó sì ń fọ́n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e ká sí ìhà gbogbo. Ibi tí ẹ̀kọ láfún bò lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tàbí tí ìko di mọ́ lára àdìrẹ oníko, ni aró kò dé, nítorí náà òwú ibẹ̀ ń dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ padà bó ṣe rí.

Dígí ìwojú náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, àmọ́ bí ìtànṣán ṣe wá ló ṣe ń dá a padà létòletò, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí àwòrán nínú rẹ̀. Aṣọ funfun ń da ètò náà rú. Ẹ wo iyọ̀: hóró kan rẹ̀ mọ́ gaara bí dígí, ṣùgbọ́n òkìtì iyọ̀ funfun, torí pé ìmọ́lẹ̀ ń ta lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú hóró. Bí ọṣẹ bá tilẹ̀ pupa tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ìfófò rẹ̀ funfun, ìdí kan náà sì ni.

Dúdú ńkọ́? Kí ló dé tí aṣọ dúdú fi ń gbóná nínú oòrùn?

Dúdú ni ohun tó mu fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e. Aṣọ dúdú pàápàá ṣì ń dá ìwọ̀nba padà, ohun tó jẹ́ ká lè rí ìṣẹ́po rẹ̀ nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan mu kì í ṣòfò. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fò sókè á padà sí ipò rẹ̀, agbára tó gbà á sì di ìgbóná. Páànù tó ti dógùn-ún ń gbóná ju páànù tuntun tó ń dán lọ fún ìdí kan náà.

Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń pe aṣọ aró ní dúdú? Ṣé Yorùbá kì í rí búlúù ni?

A ń rí i dáadáa. Ìyá aláró tó wo aṣọ méjì, tó sì ní ọ̀kan ṣì nílò kí wọ́n tún un rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ń fi ojú ya nǹkan sọ́tọ̀ níbi tí ẹlòmíràn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ibi tí èdè fi ààlà sí ni ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ àwọ̀ tó jẹ́ gbòǹgbò nínú èdè wa kò ju mẹ́ta lọ: funfun, pupa àti dúdú. Pupa kó ẹ̀jẹ̀, epo, ìyeyè àti ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀; dúdú kó igbó, aró àti eèdú pọ̀. Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay tẹ ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀pọ̀ èdè àgbáyé, wọ́n sì rí i pé èdè tó bá ní orúkọ mẹ́ta péré, funfun, dúdú àti pupa ló sábà máa ń jẹ́. A kò dá wà nínú èyí.

Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan fi èyí sọ pé èdè wa kò tó. Àwọn orúkọ mẹ́ta náà ń sọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ irú ìmọ́lẹ̀, ìwọ̀n sì ni ohun tó ṣe pàtàkì jù fún aláró. Aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan ń dá búlúù púpọ̀ padà. Bí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ipele aró ti lé lórí ara wọn débi pé búlúù pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Ẹ wo aṣọ òkè tí à ń pè ní ẹtù, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ẹyẹ ẹtù: nínú yàrá, ẹ ó pè é ní dúdú, nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ó rí aró lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pè é ní dúdú sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ̀nà. Bí a bá wá fẹ́ sọ irú rẹ̀, àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ àlùkò wà nílẹ̀.

Kí ló dé tí epo pupa fi máa ń pàdánù pupa rẹ̀ bí a bá gbé e kaná pẹ́ fún ọbẹ̀ ayamáṣe?

Kárótíìnì ló ń fún epo ní àwọ̀. Ó gùn bí ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sì nà láti orí dé ìdí, nítorí náà ó ń mu búlúù, ní ìwọ̀n bí 450 nánòmítà, ó sì ń dá pupa àti ìyeyè padà. Iná líle á já ẹ̀wọ̀n náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú kò lè mu ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí mọ́, epo á wá mọ́ gaara.

Kárótíìnì yìí kan náà ni ara wa ń sọ di fítámì A. Bí pupa epo bá ti lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti bá a lọ.

Kí ló dé tí aṣọ tó tutù fi máa ń ṣú ju gbígbẹ rẹ̀ lọ?

Nínú aṣọ gbígbẹ, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín òwú, ìmọ́lẹ̀ sì ń ta padà ní gbogbo ibi tí òwú àti afẹ́fẹ́ ti pàdé. Omi sún mọ́ òwú nínú bó ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà bí omi bá rọ́pò afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ kì í tètè ta padà mọ́. Á wọ inú lọ jìnnà, aró á sì mu púpọ̀ sí i. Ẹ má ṣe tìtorí pé aṣọ ṣú nígbà tó tutù dá iṣẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ẹ tó pinnu bóyá ó ti tó.

Ọ̀dà ìyeyè àti búlúù para pọ̀ di àwọ̀ ewé. Kí ló dé tí ti ojú fóònù fi yàtọ̀?

Ọ̀dà ń yọ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ni. Ọ̀dà ìyeyè ti mu búlúù, ọ̀dà búlúù ti mu pupa àti ìyeyè. Àwọ̀ ewé nìkan ni àwọn méjèèjì jọ fi sílẹ̀. Bí a bá ṣe ń po ọ̀dà mọ́ ọ̀dà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣú tó. Fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀ ni, nítorí náà bó ṣe ń kún un ló ń mọ́lẹ̀ sí i.

Ẹ fi ìka tó tutù kán omi kékeré kan sí ojú fóònù níbi tó ti funfun. Ẹ̀kán omi náà á sọ nǹkan di ńlá bí awò, ẹ ó sì rí i pé funfun yẹn kò sí níbẹ̀: ìlà pupa, ìlà àwọ̀ ewé àti ìlà búlúù ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìyeyè tí ẹ ń rí lójú fóònù, pupa àti àwọ̀ ewé tó jọ tàn ni.

Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀yà mẹ́ta péré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba àwọ̀ ní ìdí ẹyinjú wa, tí wọ́n ń jí jùlọ sí nǹkan bí 420, 530 àti 560 nánòmítà. Gbogbo àwọ̀ tí a mọ̀, ìfiwéra iṣẹ́ ẹ̀yà mẹ́ta yìí ni. Ohunkóhun tó bá ti jí wọn ní ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà ni ọpọlọ máa pè é.

Mo ra gèlè àti léèsì tó bára mu nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo délé, wọn kò bára mu mọ́. Ṣé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà: gèlè àti léèsì kan tí mo fi wé ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ iná gbọọrọ tó wà lókè àjà ṣọ́ọ̀bù kan, tí n kò rí ìyàtọ̀ rárá, ni gèlè náà pọ́n ju léèsì lọ gedegbe nígbà tí mo dé abẹ́ oòrùn lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Aró méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi rẹ wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu ìmọ́lẹ̀ níbi tirẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n dá padà jí ẹ̀yà mẹ́ta inú ojú ní ìwọ̀n kan náà. Iná gbọọrọ kì í ní gbogbo àwọ̀ ní ìwọ̀n tó dọ́gba bíi ti oòrùn. Àwọn kan pọ̀ lójijì, àwọn kan sì ṣọ̀wọ́n. Bí aṣọ méjì bá yàtọ̀ níbi tí iná náà kò ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí, ìyàtọ̀ náà kò ní hàn, àfi tí oòrùn bá tàn án. Ẹ gbé aṣọ méjèèjì wá sí ẹnu ọ̀nà kẹ́ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ òru ni ayẹyẹ, ẹ tún wò wọ́n lábẹ́ irú iná tí ẹ máa lò.

Báwo ni búlúù ìfọṣọ ṣe ń sọ aṣọ funfun di funfun sí i?

Aṣọ funfun tó ti pẹ́ ń mu búlúù díẹ̀, ó sì ń dà bíi pé ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Búlúù tí a kán sínú omi ìṣanṣọ á mu ìyeyè díẹ̀, ohun tí aṣọ dá padà á tún dọ́gba. Ní tòótọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára aṣọ náà ti dín kù, síbẹ̀ ojú á ní ó funfun sí i.

Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní èròjà tó ń mu ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, èyí tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju ti àwọ̀ àlùkò lọ, tó sì ń tú u sílẹ̀ padà bíi búlúù.

Kí ló dé tí òfurufú fi dà bí aró, tó sì máa ń funfun nígbà ọyẹ́?

Kò sí aró lójú ọ̀run, kò sì sí ohun tó mu àwọ̀ yòókù níbẹ̀. Àwọn ẹyọ afẹ́fẹ́, tí wọ́n kéré gan-an sí ìgbì ìmọ́lẹ̀, ń fọ́n ìgbì kúkúrú ká ju ìgbì gígùn lọ: búlúù tó jẹ́ 450 nánòmítà ń fọ́n ká ní ìwọ̀n bí ìlọ́po 6 ti pupa tó jẹ́ 700. Ibikíbi tí a bá gbójú sí, búlúù tó fọ́n ká ló ń wá bá wa. Ní ìrọ̀lẹ́, ìtànṣán ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù á ti fọ́n dànù lójú ọ̀nà, oòrùn á sì pọ́n.

Lásìkò ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní Ṣáàdì, ń gba ojú sánmà kan. Eruku tóbi ju ẹyọ afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, ó ń fọ́n gbogbo àwọ̀ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà, nítorí náà funfun bíi wàrà ni ojú ọ̀run ń rí.

Ṣé àwọ̀ máa ń wà nínú òkùnkùn?

Níbi tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ rárá, kò sí ohun tí aṣọ fẹ́ mu tàbí tó fẹ́ dá padà. Ní àṣálẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yà mẹ́ta tó mọ àwọ̀. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n, wọn kò lè fi àwọ̀ wé àwọ̀, wọn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí pupa.

Ẹ fi òdòdó pupa sí ẹ̀gbẹ́ àdìrẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Lọ́sàn-án, pupa ló ń gba ojú jù. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, pupa á kọ́kọ́ di dúdú, àdìrẹ á sì máa mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Jan Purkinje, onímọ̀ ará ilẹ̀ Czech, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí.

Kí ló dé tí oòrùn fi ń mú kí aṣọ ṣá?

Aró tó ń mu ìmọ́lẹ̀ ń gba agbára sára lójoojúmọ́. Nígbà púpọ̀, agbára náà ń di ìgbóná, ó sì parí síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á já ìso kan láàárín àwọn átọ̀mù, pàápàá bó bá jẹ́ ti ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, ẹyọ aró náà kò sì ní lè mu ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ sá aṣọ aláràbarà sábẹ́ òjìji, kí ẹ sì yí inú rẹ̀ síta.

Kí ló dé tí àwọn kan kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé?

Lára wọn, ọ̀kan nínú ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta náà kò sí, tàbí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. John Dalton, onímọ̀ kẹ́míkà ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ojú ara rẹ̀ ní 1794, ó sì gbà pé omi inú ẹyinjú òun ló ní búlúù. Ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní 1844, wọ́n yẹ ojú náà wò, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ojú rẹ̀ pa mọ́, nígbà tó sì di 1995, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ẹ̀yà tó ń jí sí ìgbì àárín, nítòsí 530 nánòmítà, ni kò ní.

Ọkùnrin ló ń ní i jù, nítorí pé orí krómósómù X ni ìlànà ẹ̀yà méjì nínú mẹ́ta náà, ti ìgbì àárín àti ti ìgbì gígùn, wà, ẹyọ krómósómù X kan ṣoṣo sì ni ọkùnrin ní. Láàárín àwọn ọkùnrin tó wá láti ìhà àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnìkan nínú 12 ló ní i. Ọmọ tó bá ń kun ewé ní àwọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe olóríkunkun. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kẹ́ẹ tó bá a wí.

Àwọn àgbà ní agbe ló ni aró, àlùkò ló ni osùn, lékeléke ló ni ẹfun. Ṣé ọ̀nà kan náà ni àwọ̀ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí gbà wáyé?

Rárá o. Lékeléke kò ní èròjà àwọ̀ kankan nínú ìyẹ́ rẹ̀ funfun. Ìyẹ́ náà mọ́ gaara, afẹ́fẹ́ sì wà nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì fọ́n ká níbẹ̀ bó ṣe ń fọ́n ká lára iyọ̀ àti ìfófò ọṣẹ.

Ti àlùkò jọ iṣẹ́ aláró. Ara rẹ̀ ṣú, ó sì ní àwọ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, ṣùgbọ́n bó bá na apá láti fò, pupa á tàn yòò bí osùn. Èròjà kan tí bàbà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní turacin, ló ń mu àwọ̀ ewé àti ìyeyè níbẹ̀. Arthur Church ló fi hàn ní 1869 pé bàbà wà nínú rẹ̀. Bíi aró tó wà nínú ìkòkò, omi tó ní agbára bíi ti omi eérú lè yọ ọ́ jáde láti inú ìyẹ́.

Búlúù bíi ti agbe ló yani lẹ́nu jù. Lára ẹyẹ, èròjà kọ́ ló ń fa búlúù. Bí a ṣe to ìyẹ́ náà ni. Nínú ìyẹ́ aláwọ̀ aró, ihò afẹ́fẹ́ tí ìwọ̀n wọn sún mọ́ ti ìgbì búlúù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, débi pé búlúù tó ta padà láti ara wọn ń gbè ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí ìpele dúdú tó wà lábẹ́ wọn sì ń mu ìyókù. Bí ẹnìkan bá gbé irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ dí oòrùn, tó sì wò ó láti ẹ̀yìn, búlúù náà kò ní sí níbẹ̀. Bó bá lọ̀ ọ́ kúnná, ìtò náà á bàjẹ́, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ ló máa kù sí i lọ́wọ́. Bó bá lọ ògidì aró kúnná, aró náà ṣì ni yóò rí.